Tọkọtaya Kan Lọ sí Àpérò Ìtọrẹ Àwọn Onígbàgbọ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ láti Houston

Bàbá Ìbejì jẹ́ ẹnjiníà ní Houston, Ìyá Ìbejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. $200,000 ló ń wọlé fún àwọn méjèèjì lọ́dún. Wọ́n ń san ìdámẹ́wàá déédéé, $20,000 lọ́dún, sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ní ṣíà ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n rà ní $20,000 láti ọjọ́ pípẹ́, tó ti di $60,000 báyìí. Ọ̀rẹ́ ìdílé kan wá fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí wọn: àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún àwọn onígbàgbọ́ tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi owó sin Ọlọ́run, kí tọkọtaya jọ wá.

Ilé yìí kì í ṣe ilé ẹnì kan pàtó. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Yorùbá tó gba irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà la kó jọ sórí ilé kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè rí ọ̀nà tó wà nílẹ̀ àti ibi tí kòtò wà. Iye owó tí a kọ jẹ́ èyí tó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu. Òfin owó orí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2025, àfi ibi tí a bá ti sọ ọdún mìíràn.

Irú ìpàdé tó jẹ́

Ó ti pẹ́ tí irú ìpàdé yìí ti ń wáyé ní Amẹ́ríkà. National Christian Foundation, tó ń bá àwọn onígbàgbọ́ tọ́jú owó ọrẹ, bẹ̀rẹ̀ ní 1982. The Gathering, ìpàdé àwọn onígbàgbọ́ tó ń fi owó ńlá tọrẹ, bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Generous Giving, àjọ tó ti ọwọ́ Maclellan Foundation ti ìlú Chattanooga jáde, bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Generous Giving tún ní ìpàdé kékeré, Journey of Generosity, tí kì í ju nǹkan bíi wákàtí 24 lọ, tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ máa ń jókòó yí ara wọn ká. Ẹni tí kò bá tíì lọ sí ńlá rí, kékeré yìí ni kó kọ́kọ́ lọ.

Òfin kan wà ní Generous Giving tó máa ń ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọrọ owó níbẹ̀. A ti mọ lọ́ńṣì. A mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ènìyàn síta, tí alága á kọ́kọ́ kéde tirẹ̀, tí ojú á sì máa ti ẹni tó kù láti dá iye tó kéré. Níbẹ̀, kò sí àpòòwé, kò sí ẹni tó ń kọ iye tí ènìyàn sọ sílẹ̀. Ẹ̀rí ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n lè sọ ti R. G. LeTourneau, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Longview ní Texas níhìn-ín, tó ń fi ìdá 90 nínú 100 owó rẹ̀ tọrẹ tó sì ń jẹun nínú ìdá 10. Wọ́n lè sọ ti Alan Barnhart ti Memphis, tí òun àti arákùnrin rẹ̀ fi èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ilé iṣẹ́ kíréènì wọn fún National Christian Foundation ní 2007.

Kì í ṣe gbogbo àpérò ló ní òfin yẹn o. Nínú ọ̀pọ̀, àwọn àjọ míṣọ́nnárì máa ń pàtẹ tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àpérò tí Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì lọ jẹ́ irú èyí. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè pé, “Ṣé àwọn tó ń wá owó máa wà níbẹ̀?” Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló máa sọ irú ìmúrasílẹ̀ tó yẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ jù fún tọkọtaya níbi àpérò kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àìmọ iye tó ń jáde nílé wọn ni. Ẹni tí kò mọ iye tó ti ń fúnni tẹ́lẹ̀ kò lè pinnu iye tó fẹ́ fi kún un, pàápàá ọmọ Yorùbá, tí púpọ̀ nínú ọrẹ rẹ̀ kì í gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá rárá.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Kí wọ́n tó wo ìwé báńkì kankan, ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ iye tó rò pé ilé náà ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí ní Nàìjíríà lọ́dún sórí ìwé tirẹ̀. Ọkọ kọ $6,000. Ìyàwó kọ $9,000. Wọ́n wá tẹ ìwé báńkì oṣù 12 jáde, ti àkáǹtì kọ̀ọ̀kan àti ti Zelle tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láàárín báńkì Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tó lọ sílé. $14,400 ni. $150 wà níbẹ̀ lóṣooṣù tí Bàbá Ìbejì kò mọ̀ nípa rẹ̀: òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. $2,000 wà níbẹ̀ ní oṣù kẹrin tí Ìyá Ìbejì kò mọ̀: ìnáwó ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Kò sí olè nínú wọn. Olúkúlùkù ń bo àṣírí ẹbí rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n fi ìdámẹ́wàá $20,000 kún un, àti $3,600 tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ tààrà sí míṣọ́nnárì méjì nílé, gbogbo rẹ̀ di $38,000, ìdá 19 nínú 100 owó tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ akaùntáǹtì Amẹ́ríkà yóò sọ fún wọn pé $20,000 nìkan ni ọrẹ wọn, nítorí ìyẹn nìkan ni owó orí mọ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ Kọ́bánì (ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run) gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá àti ìyá wọn wí. Ẹni tó bá dé láti àpérò, tó wá dín owó ìyá rẹ̀ kù kí ọrẹ míṣọ́n lè pọ̀, kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Kí owó ẹbí wà lórí tábìlì bí ọrẹ yòókù, kí ó ní iye tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ ohun ìní àti gbèsè wọn sílẹ̀: ilé àti iye tó kù láti san lórí rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, ṣíà, owó tó wà nílẹ̀ fún ìnáwó oṣù mẹ́fà bí iṣẹ́ bá bọ́. Owó oṣù mẹ́fà yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án nítorí ẹ̀rí ẹnikẹ́ni.

Àdéhùn tí wọ́n kọ sí ojú ìwé kan kò gùn. Wọn kò ní ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni títí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sílé. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Bí ọ̀kan bá ní “rárá”, kò sí ìdí tó máa ṣàlàyé ní alẹ́ náà.

Owó ìrìn àjò kò gba àkókò: tíkẹ́ẹ̀tì bàálù méjì, òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ mẹ́ta, owó ìforúkọsílẹ̀, àti ìyá àgbà tó máa wá dúró ti àwọn ọmọ. Ẹ dé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ẹni tó ti ẹnu iṣẹ́ òru wá kò ní lè ronú lórí owó.

Nínú àpérò

Nígbà ìpàdé gbogbogbò, ẹ jókòó pọ̀. Nígbà kíláàsì, ẹ pínyà, kí ọ̀kan lọ gbọ́ ti owó orí àti ìwé ìhágún, kí ìkejì lọ gbọ́ ti ọmọ títọ́ tàbí ti iṣẹ́ míṣọ́n. Ìyàwó ni kó lọ sí ti owó orí bó bá jẹ́ pé ọkọ ló ń ṣe ìwé owó orí nílé. Ìdí ni pé ikú kì í dágbére, ẹni tó kù kò sì gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ìwé wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni nǹkan yí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Bàbá Ìbejì bá dókítà kan pàdé, ọ̀gá ilé ìwòsàn míṣọ́n kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n. Dókítà sọ bí àwọn ọmọ tuntun ṣe ń kú nítorí àìsí ọ́síjìn. Kò tọrọ nǹkan kan. Bàbá Ìbejì ló la ẹnu.

“Mo bá dókítà kan sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Mo ní àá fún wọn ní $25,000.”

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, àwa wo?”

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìjà. Ó tọ́, ó sì yẹ kí ó wá ní alẹ́ yẹn kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun tó sábà máa ń ba ilé jẹ́ kì í ṣe ẹni tó kọ̀ láti fúnni, bí kò ṣe ẹni tó fúnni lórúkọ ẹni méjì. Ìwé 2 Kọ́ríńtì 9:7 ní kí olúkúlùkù ṣe bí ó ti pinnu ní ọkàn rẹ̀. Owó tó jẹ́ ti ọkàn méjì nílò ìpinnu méjì.

Ìtúnṣe gbọ́dọ̀ wáyé kí ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó ṣú, kí àwọn méjèèjì sì jọ lọ. Àwọn tó bá ní “ẹ jẹ́ ká dákẹ́, yóò gbàgbé” kò mọ ilé ìwòsàn. Ọ̀gá tó gbọ́ $25,000 lè lọ gba ẹ̀rọ ní gbèsè lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju èyí lọ: “Dókítà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, ayọ̀ ló sọ ọ́. A kò tíì jọ jókòó lé e lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ná an sí nǹkan kan. Ẹ fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́, a ó pè yín, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.” Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúpẹ́, yóò sì fi ìwé àjọ náà ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fajúro tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdúrà halẹ̀, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ọgbọ̀n ọjọ́: ṣíà kọ́kọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ta ṣíà, kó wá fi owó rẹ̀ tọrẹ. Nínú ilé yìí, èrè tó wà lórí ṣíà jẹ́ $40,000. Bí wọ́n bá tà á, ìdá 15 nínú 100 èrè náà, $6,000, lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá fi ṣíà náà gan-an tọrẹ, tó sì ti pé ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó máa san $6,000 yẹn, wọ́n á sì lè yọ $60,000 lódindi nínú owó tí wọ́n máa san owó orí lé lórí. Ìwọ̀n tí òfin gbà fún irú ọrẹ yìí lọ́dún kan jẹ́ ìdá 30 nínú 100 owó tó wọlé, èyí sì jẹ́ $60,000 gẹ́lẹ́ fún wọn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó kù ṣeé gbé lọ sí ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí wọ́n gbé e sí ni donor-advised fund, tí a ó máa pè ní àpò ọrẹ. Owó tó bá wọ inú rẹ̀ kì í ṣe tiyín mọ́. Àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ni ín, ẹ̀yin kàn ń dábàá ibi tó máa lọ ni. Kò ṣeé gbà padà, kódà bí iṣẹ́ bá bọ́. Kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Kò lè san owó oúnjẹ alẹ́ ìkówójọ, kò sì lè san owó ìforúkọsílẹ̀ àpérò tí ẹ ti kọ́ nípa rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi kó ìdámẹ́wàá ọdún mẹ́ta jọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Tọkọtaya ní ẹ̀tọ́ láti yọ $31,500 ní 2025 láìfi ẹ̀rí kankan hàn. Èlé orí ilé àti owó orí ilé ti Bàbá Ìbejì jẹ́ $15,000. Bí wọ́n bá fi ìdámẹ́wàá $20,000 kún un, ó di $35,000, èyí tó fi $3,500 péré ju ohun tí ìjọba ti fún gbogbo ènìyàn lọ. Ọdún mẹ́ta bẹ́ẹ̀ jẹ́ $10,500. Ṣùgbọ́n bí $60,000 bá wọlé lọ́dún kan, ó di $75,000, ìyẹn ju $31,500 lọ pẹ̀lú $43,500. Ọdún méjì tó kù, wọ́n gba ti gbogbo ènìyàn. Ní ìpele owó orí wọn, ìdá 22 nínú 100, $9,570 ló dúró sọ́wọ́ wọn dípò $2,310. Láti 2026, òfin tuntun ti yọ ìdá ààbọ̀ nínú 100 owó tó ń wọlé kúrò nínú ọrẹ tó ṣeé yọ, ìyẹn $1,000 fún ilé yìí, nítorí náà wọ́n ṣe é kí 2025 tó parí.

Gbígbé ṣíà gan-an kò le, ó kàn fẹ́ sùúrù. Ẹ ṣí àpò ọrẹ náà kọ́kọ́. Ẹ gba nọ́ńbà DTC wọn (DTC ni ilé iṣẹ́ tí ṣíà ń gbà kọjá láti àkáǹtì kan sí òmíràn) àti nọ́ńbà àkáǹtì wọn. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú ṣíà: orúkọ ṣíà, iye ẹyọ, àti èyí tí ẹ rà ní ọjọ́ wo, kí wọ́n mú èyí tó ti pẹ́ jù tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gbà á pé ó ń bọ̀, nítorí ṣíà máa ń dé láìní orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ tó bá wọ àkáǹtì wọn ni ọjọ́ ọrẹ, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì ń ta tẹ́tẹ́ nìyẹn. Form 8283 á tẹ̀ lé ìwé owó orí yín, nítorí ọrẹ tí kì í ṣe owó ju $500 lọ.

Ẹni tí ṣíà tirẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ àdáni tó ń tà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Ní 2023, ilé ẹjọ́ owó orí Amẹ́ríkà dá tọkọtaya kan lẹ́bi. Wọ́n gbé ìpín wọn fún àpò ọrẹ ní ọjọ́ méjì kí títà ilé iṣẹ́ náà tó parí. Ilé ẹjọ́ ní èrè náà ti di tiwọn kí wọ́n tó fi tọrẹ, nítorí náà wọ́n á san owó orí lórí rẹ̀. Wọ́n tún pàdánù ẹ̀tọ́ láti yọ ju mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ, nítorí pé ẹni tó díye lé e kò kún ojú ìwọ̀n òfin.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn akọ̀wé owó ṣọ́ọ̀ṣì: bí ìdámẹ́wàá bá ti àpò ọrẹ wá, ẹ má kọ rìsíìtì owó orí fún ìdílé náà. Wọ́n ti yọ ọ́ ní ọjọ́ tí ṣíà wọ àpò. Rìsíìtì kejì lórí owó kan náà máa ń di wàhálà. Kí tọkọtaya lọ ṣàlàyé fún pásítọ̀ wọn kí oṣù àkọ́kọ́ tó pé, kó má baà rò pé wọ́n ti dáwọ́ ìdámẹ́wàá dúró.

Fún àwọn tó wà ní Britain, ọ̀nà mìíràn ni. Lábẹ́ Gift Aid, £100 di £125 lọ́wọ́ àjọ tó gbà á, bí ẹni tó fún un bá ti san owó orí tó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀; ìbuwọ́lù ọkọ kò ká ti ìyàwó. Ẹni tó ń san ìdá 40 nínú 100 tún lè gba £25 padà lórí £125 yẹn, nítorí náà ẹni tí owó orí rẹ̀ ga jù nínú àwọn méjèèjì ni kó máa fúnni. Stewardship, tó ti wà láti 1906, ní irú àpò ọrẹ tiwọn níbẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́: ilé ìwòsàn

Nígbà tí ìdámẹ́wàá ti wà nínú àpò ọrẹ, $20,000 owó ọwọ́ ṣí sílẹ̀ lọ́dún. Ìyá Ìbejì gbà kí $25,000 náà dúró, bí wọ́n bá san án ní ìgbà mẹ́ta, $8,000, $8,000 àti $9,000, tí ìròyìn sì ń wà láàárín.

Owó tí ará Amẹ́ríkà bá fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà kì í ṣe ọrẹ lójú òfin owó orí, bó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó. Ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àjọ Amẹ́ríkà tó ní ipò 501(c)(3), ìyẹn ipò àjọ àánú lójú òfin owó orí, tó sì ní àṣẹ tòótọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ná an. Wọ́n wá orúkọ àjọ tó ń ti ilé ìwòsàn náà lẹ́yìn lórí Tax Exempt Organization Search ti IRS, ilé iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, wọ́n ka Form 990, ìròyìn owó ọdọọdún àjọ náà, ti ọdún mẹ́ta, wọ́n sì wò ó bóyá ó wà lára ECFA, ẹgbẹ́ tó ti ń yẹ owó àwọn àjọ onígbàgbọ́ wò láti 1979. Ní ti Nàìjíríà, wọ́n béèrè ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, àti ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó àìtọ́ mọ́. Ilé ìwòsàn tó wà létòlétò máa ní gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì kan.

Ibi tí nọ́ọ̀sì ti wúlò ju ẹnjiníà lọ rèé. Dókítà ti sọ pé ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ fún wọn ní ẹ̀rọ mẹ́wàá tí wọ́n ti lò, irú èyí tó ń fa ọ́síjìn jáde láti inú afẹ́fẹ́, kí ọrẹ náà kàn san owó ọkọ̀ ojú omi. Ìyá Ìbejì ní kó ya àwòrán àkọlé ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan ránṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 115 V (agbára iná) àti 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Iná Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240 V, 50 Hz. Transfọ́mà lè sọ 240 di 115, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 Hz di 60. Mọ́tò inú ẹ̀rọ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ kò ní tó, á sì máa gbóná. Ẹ̀rọ á máa dún, iná á máa tàn lára rẹ̀, ọmọ á sì máa mí ohun tí kò tó ọ́síjìn. Ẹ̀rọ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ kò sàn ju òfìfo lọ. Ó burú jù ú, nítorí ọkàn gbogbo ènìyàn ti balẹ̀.

Wọ́n yí i padà sí ẹ̀rọ tuntun mẹ́rin, tó ń fúnni ní lítà ọ́síjìn márùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n ṣe fún 230 V, 50 Hz. Ẹyọ kan ń jẹ nǹkan bíi 350 wáàtì, nítorí náà mẹ́rin ń fẹ́ 1,400 wáàtì láìdúró. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn fi hàn pé ínfátà àti sólà wọ́ọ̀dù náà lè gbé e ní òru tí kò bá sí iná. Fílítà àfirọ́pò wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iye ọ́síjìn. Ẹ̀rọ tó dára máa ń fúnni ní nǹkan bí ìdá 93 nínú 100. Bó bá wá sísàlẹ̀ 82, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára aláìsàn, kí wọ́n wo fílítà rẹ̀ àti ọ̀rinrin, nítorí ọ̀rinrin ló ń ba èròjà tó ń sẹ́ nitrogen kúrò nínú afẹ́fẹ́ jẹ́.

Àdéhùn ni pé kí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù máa wọn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwòrán ojú ìwé náà sì máa wá lóṣooṣù. Nínú oṣù kejì, ẹ̀rọ kẹta ka 79. Ilé ìwòsàn kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, wọn kò fi pamọ́. Wọ́n ti gbé e sí ibi tí omi òrùlé ń kán sí, nítosí fèrèsé. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n pààrọ̀ fílítà, ó padà sí 91. Òtítọ́ inú ìwé yẹn ló mú kí $8,000 kejì jáde ní ọjọ́ tí wọ́n dá, $2,000 nínú rẹ̀ sì ṣeé yọ fún tọkọtaya ní 2026 ní àfikún sí èyí tí ìjọba ń fún gbogbo ènìyàn, nítorí owó ọwọ́ ló jẹ́, kì í ṣe láti inú àpò ọrẹ.